Bí Agbára Bá Dọ́gba

Ìyìn-Èkìtì

Bùnmi, ọmọ àbúrò mi,

Mo rí ohun tí o kọ sí mi lórí WhatsApp. O ní olùkọ́ yín sọ pé bí agbára àwọn orílẹ̀-èdè bá dọ́gba, ayé á tòrò, torí kò sẹ́ni tí yóò dá ìjà tí kò dá a lójú pé òun á borí sílẹ̀. O ní ṣé òótọ́ ni. Àbọ̀ òótọ́ ni. Àbọ̀ tó kù wà nílẹ̀ Èkìtì níbí, kí o tó máa wá a lọ sí Yúróòpù.

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, kò sí ìlú kan tó lè pàṣẹ fún gbogbo Yorùbá mọ́. Ìbàdàn ló dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní 1840. Jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Ìjàyè wà nítòsí tó ń ṣọ́ wọn. Níwọ̀n ìgbà tí Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ṣì wà níbẹ̀, Ìbàdàn kò lè ṣe bó ṣe wù ú. Ní 1862 Ìjàyè fọ́. Ta ló tún kù tó lè bá Ìbàdàn wí? Iléṣà ṣubú ní 1870, ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú Ìbàdàn, sì kún àwọn ìlú wa. Ìlú ló ń bọ́ ajẹ́lẹ̀ àtàwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń kó ẹran ọ̀sìn ẹni ẹlẹ́ni, aya ẹni ẹlẹ́ni kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1878, Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀.

Àwọn ọba Èkìtì tí olúkúlùkù wọn ń dá ṣe tirẹ̀ lórí òkè tirẹ̀ wá para pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀ṣà, àwọn ni à ń pè ní Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn, Ìlọrin dojú kọ ọ́ ní Ọ̀fà. Má rò pé ìfẹ́ ló kó wọn jọ o. Ẹnì kan ló ti tóbi jù, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba gbogbo wọn.

Ìbọn náà tún dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá mú ṣakabùlà gbọ́dọ̀ da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, kó fi ọ̀pá kì í, kó sọ ọta sí i, kó tó yìn ín; orí ìdúró ló sì ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó wá ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí nídìí, tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ yìn. Ọgbọ́n ogun Ìbàdàn jinlẹ̀, ìbọn tiwa sì yá jù. Agbára dọ́gba.

Ṣé ayé wá tòrò? Rárá o. Ìbàdàn jókòó sí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ jókòó sí Ìmẹ̀sí-Ilé, kò sẹ́ni tó lè lé ẹnì kejì. Ibùdó di ìlú, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú síbẹ̀ ní 1885. Ohun tí ìdọ́gba ṣe fún wa ni pé kò jẹ́ kí wọ́n gbé wa mì. Kò pa iná ogun.

Àwọn tó jẹ́ kí ìhà méjèèjì lè bára wọn sọ̀rọ̀ ni Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà méjì tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ fún gómìnà Èkó. Ní 1886, ìhà méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira, Ìbàdàn mú ìlú mẹ́rin, Ìgbájọ sì wà lára wọn. Síbẹ̀, ibùdó kò tú tán títí di 1893, tí Gómìnà Carter fi wá. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ kẹ́rù, kí ẹnì kejì lé e bá lẹ́yìn? Gẹ̀ẹ́sì tó sì wá tú wọn ká yìí, òun náà ló fọ́ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn lọ́dún tó ṣáájú. Onílàjà di onílé.

Èyí ni mo ń rò nígbà tí ọ̀rọ̀ Niger ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje 2023. Àwọn ológun gbàjọba, àjọ ECOWAS tí Ààrẹ wa jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun lè lo agbára. A ti ẹnubodè, a já iná mànàmáná wọn. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, Niger, Mali àti Burkina Faso ti fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá kọlu ọ̀kan kọlu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní oṣù Kínní 2025, wọ́n kúrò nínú ECOWAS. Èmi kò ti ìfipágbàjọba lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà nìkan ní ju ìdajì èèyàn ECOWAS lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jágbe, àwọn kékeré á wá ibi forí pamọ́ sí. Àwọn ará Rọ́ṣíà ti wà ní Mali tẹ́lẹ̀, Niger náà sì gbà wọ́n ní 2024. Bi olùkọ́ yín léèrè bóyá onílàjà ni wọ́n àbí onílé.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Johnson kọ wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Wá mú un bí o bá ń bọ̀ láti Adó. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson o. Ibi tó bá ti ń sọ̀rọ̀ wa, rọra kà á.

Kí màmá rẹ fún mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ