Computer Village, Ìkẹjà: Ọjà Tí A Ti Ń Wádìí Àìsàn Kọ̀ǹpútà

Bí kọ̀ǹpútà bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ibì kan náà ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí: Computer Village, ní Ìkẹjà. Orúkọ abúlé ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ọjà ni, ọjà tí kò ní odi, tí ó gba òpópónà Otigba, Ọlá-Ayéni, Pepple àti àwọn tí ó yí wọn ká kan. Láti Agége tí à ń gbé, ọkọ̀ ojú irin Ìlà Pupa, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ni èmi àti àbúrò mi obìnrin wọ̀ lọ síbẹ̀. Ìkẹjà ni ibùdó tí ó tẹ̀ lé Agége. Orí ẹsẹ̀ mi ni mo gbé àpótí kọ̀ǹpútà náà lé títí a fi sọ̀kalẹ̀.

Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ni àbúrò mi ń ṣe. Bí ó bá ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń to fídíò pọ̀, pàápàá nígbà tí ó bá kù kí kọ̀ǹpútà náà so gbogbo rẹ̀ di odindi, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, fáànù inú rẹ̀ á pariwo, yóò sì tún ara rẹ̀ tàn. Ó ti rí báyìí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnì kan tí ó fọ̀rọ̀ lọ̀ lórí fóònù ti dájọ́ pé graphics card, ìyẹn káàdì tí ń ya àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà, ti kú, kí ó lọ ra òmíràn. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tù jọ láti ọdún tó kọjá ni. Àwọn tọkọtaya náà sì ń retí fídíò wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àdúgbò ilé gbígbé ni Otigba tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ya yàrá lò níbẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gbòde ní àwọn ọdún 1990, wọ́n yíjú sí i. Nígbà tí fóònù GSM sì wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001, ọjà náà kún àkúnya. Lónìí, Yorùbá, Ígbò, Haúsá àti pijin ni ẹ ó máa gbọ́ létí kan náà. Kí ẹ tó rìn tó ogún ẹsẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á ti yí yín ká: “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ tà? Àǹtí, kí lẹ fẹ́ tún ṣe?” Ẹ kí wọn, kí ẹ sì máa lọ. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè padà wá bá lọ́la ni kí ẹ gbé ẹrù yín fún.

Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a lọ, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àkàbà rẹ̀ há. Àgbàlagbà ni ọ̀gá náà, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló jókòó yí tábìlì rẹ̀ ká. A kí i kú iṣẹ́. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, graphics card rẹ̀ ló kú.” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ má tíì dárúkọ àìsàn fún mi, àǹtí. Ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ sọ.”

Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju bí mo ti rò lọ. Ṣé ìlà aláwọ̀ mèremère tàbí àmì onígun mẹ́rin máa ń hàn lójú rẹ̀? Rárá. Ṣé ó máa ń kú kí Windows tó ṣí? Rárá. Ṣé ìgbà tí iṣẹ́ bá wúwo nìkan ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé káàdì tí ó ń kú lọ sábà máa ń ba àwòrán jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí iṣẹ́ líle nìkan ń dá dúró, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ooru, driver àti agbára iná.

Driver ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ètò tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín Windows àti káàdì. Bí káàdì kò bá dá Windows lóhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, Windows á gbà pé ó ti dákú, á sì gbìyànjú láti jí i. Bí jíjí náà bá kùnà, kọ̀ǹpútà á dúró. Ó yọ driver àtijọ́ kúrò pátápátá, ó sì fi tuntun sí i láti ojúlé àwọn tó ṣe káàdì náà. A tún dán an wò. Ó kú.

Lẹ́yìn náà ni ó tú àpótí náà. Eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ fáànù bí òwú. Wọ́n fẹ́ ẹ dànù níta, wọ́n nu ìpara tó ti gbẹ lórí káàdì náà, wọ́n sì fi tuntun sí i, nítorí ìpara náà ni ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Ooru rẹ̀ lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí fídíò dé ìdajì, ojú kọ̀ǹpútà tún ṣókùnkùn. Mo rí i pé ọkàn àbúrò mi ti ń lọ síbi owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọ̀gá kò dá a lóhùn. Ó yọ káàdì náà, ó sì kì í bọ inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Wákàtí kan gbáko ló fi iṣẹ́ líle sí i lọ́rùn, kò mikàn. Káàdì tí wọ́n ní ó ti kú wà láàyè.

Power pack ni ó kù, àpótí kékeré tí ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ó ṣàlàyé pé ojú ihò tí a ki káàdì bọ̀ kò lè fún un ju wáàtì 75 lọ. Wáyà onírin 8 ni ń fi wáàtì 150 kún un láti ara power pack. Iná tí ó yẹ kí ó jẹ́ fóòtì 12 kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 11.4. Ó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sí i nígbà tí fídíò ń ṣiṣẹ́, ó sì pe àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n wá wò ó: 11.1. Káàdì ń béèrè oúnjẹ, ẹni tó ń gbé e wá kò lágbára mọ́. Bí a bá ti ra káàdì tuntun ni, à bá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá.

Power pack tuntun tí a rà kò gbà tó ìdámẹ́wàá owó káàdì. Kí a tó sanwó, fídíò náà parí lójú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí à ń sọ̀kalẹ̀, a kọjá níwájú àwọn tí ń ta káàdì tòkunbọ̀. Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, irú káàdì báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kárí ayé fi ń wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní Ethereum, tọ̀sán-tòru. Nígbà tí Ethereum pa ọ̀nà yẹn tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sọ́jà àlòkù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti gbó, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ èyí tó ti gbó. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n fi í ṣe iṣẹ́ líle fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì tí wọ́n kọ ọjọ́ àdápadà sí.

Ó ti pẹ́ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà yìí lọ sí Katangowa. Ilé lè ṣí, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ọjà náà níyì ni ohun tí mo rí lórí tábìlì yẹn: ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ń wo bí ọ̀gá wọn ṣe ń yọ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹ̀yà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìwádìí ni kí ẹ kọ́kọ́ sanwó fún níbẹ̀, kí ẹ tó sanwó fún ọjà. Àbúrò mi fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní pípé.