Oyin Tí Wọ́n Ń Háyà

Nígbà tí Délé ti Kalifọ́ńíà dé sí Ṣakí, ohun tó kọ́kọ́ ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àkànní, lẹ́nu ni iṣẹ́ tó ní òun ń ṣe lọ́hùn-ún.

"O ń gbé oyin kiri? Nínú ọkọ̀?"

"Nínú tírélà, ẹ̀gbọ́n mi. Òru la máa ń gbé wọn, nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé tán. A ó fi àwọ̀n bo àpótí wọn, ó di títì."

Oko álímọ́ńdì ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún álímọ́ńdì tí gbogbo ayé ń jẹ, Kalifọ́ńíà ló ti ń wá. Oṣù Kejì ni igi náà ń tanná, púpọ̀ nínú wọn kò sì lè so bí oyin kò bá gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó láti ara igi kan dé ara òmíràn. Làwọn olóko bá ń háyà oyin. Ó lé ní ìdajì ilé oyin tí wọ́n ń sìn ní Amẹ́ríkà tó ń péjọ síbẹ̀ lọ́dọọdún.

"Oyin inú igbó tiwọn ńkọ́?"

"Irú èyí tó ń ṣe oyin tí à ń lá yìí ò sí níbẹ̀ rí. Òyìnbó ló fi ọkọ̀ ojú omi kó o débẹ̀ ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ onílẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko onírúgbìn kan ṣoṣo ò gbà wọ́n. Bí òdòdó álímọ́ńdì bá ti rẹ̀, kí ni wọn ó máa jẹ títí ọdún á fi yí po?"

Àkànní mi orí. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé oyin ń kú nílẹ̀ òyìnbó.

Délé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìparí ọdún 2006 ni àwọn olóyin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àpótí tí wọ́n ń bá ayaba, ọmọ àti oúnjẹ níbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ti pòórá láìsí òkú nílẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó rí ọ̀daràn kan ṣoṣo mú. Varroa wà níbẹ̀, kòkòrò bí eégbọn tó wọ Amẹ́ríkà ní 1987, tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára, tó sì ń kó àrùn ràn án. Ebi wà níbẹ̀. Oògùn apakòkòrò náà wà níbẹ̀: ní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de mẹ́ta nínú wọn ní oko gbangba.

"Síbẹ̀ oyin ò tán?"

"Àwọn olóyin ń pín èyí tó kù sí méjì, wọ́n ń ra ayaba tuntun. Iye àpótí lè má dín, kí ìdajì oyin sì ti kú lọ́dún náà."

Àkànní ò tíì gbà. Àgbàdo ò nílò oyin, kòkó náà ò nílò rẹ̀. Òótọ́ ló sọ: atẹ́gùn ló ń ṣiṣẹ́ fún àgbàdo, eṣinṣin bíńtín sì ni ti kòkó.

"Ẹ̀gúsí yín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Òdòdó akọ lọ́tọ̀, òdòdó abo lọ́tọ̀. Ta ló ń so wọ́n pọ̀?"

Àkànní dákẹ́ díẹ̀. Iná lòun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kó oyin láti ìgbà èwe; ayaba, ọmọ, àti afárá, gbogbo rẹ̀ ló ń jóná pọ̀.

"Iná, mo lè fi sílẹ̀, bí o bá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kan àpótí. Ọmọkùnrin tó ni oko ẹ̀gbẹ́ mi ńkọ́, tó ń fín oògùn láàárọ̀ nígbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ là?"

"Ṣé kò lè fín in nírọ̀lẹ́?"

"Ó ní ìrọ̀lẹ́ lòun ń gbọ́ bọ́ọ̀lù."