Apólò Wọ Agboolé

Apólò ni a ń pè é ní Kétu, Apólò náà ni wọ́n ń pè é ní Àjàṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ fún wọn pé ìrìn àjò ènìyàn sí òṣùpá ni orúkọ yìí ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní ọdún 1969, ọdún kan náà tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, ni àrùn ojú pípọ́n kan bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, tí ó sì ràn dé ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Àwọn ènìyàn so ọ̀ràn méjèèjì pọ̀. Òṣùpá kò jẹ̀bi. Kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn onímọ̀ sọ ní entérovirus 70 ló fà á. Lónìí oríṣiríṣi kòkòrò ló ń fa ojú pípọ́n, orúkọ náà kò sì kúrò.

Àṣìṣe mìíràn wà tí ó le ju ti òṣùpá lọ. A gbà pé ẹni tí ó bá wo aláàárùn lójú ti kó o nìyẹn. Ìdí rèé tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ra awò dúdú, tí ọ̀rẹ́ ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀rẹ́ bá ń bọ̀. Bí wíwò bá ń ranni ni, gbogbo àwa olùkọ́ ìbá ti kó o tán. Ọwọ́ ni í gbé e, ọwọ́ àti aṣọ.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ó wọ agboolé wa. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, jí ní òwúrọ̀ kan, ìpin ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀, kò lè lajú, ó ń ké. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ mẹ́rin ló ti kó o. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń ṣọ́ bí ó ṣe ń rìn láti ojú dé ojú. Ìyá kan fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ọmọ tó ń ṣàìsàn. Kò pẹ́, etí ìró kan náà ló fi nu ojú ẹlòmíràn. Aṣọ ìnujú kan ló wà lórí okùn fún gbogbo ilé. Ìrọ̀rí kan, ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n igbá ìfọwọ́ ni mo wò pẹ́ jù. Bí oúnjẹ bá dé, a ó gbé igbá omi kan kalẹ̀: àgbà ni yóò kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, àwọn yòókù tẹ̀lé e, ọmọdé ló kẹ́yìn, nínú omi tí gbogbo ilé ti fọwọ́ sí. Ọ̀wọ̀ ni ètò yìí, n kò bá a jà. Omi náà ni mo ń bá jà.

Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ti ń wá omi ọmú tí yóò kán sí ọmọ náà lójú. Bí èyí kò bá sí, oje ewé ń bẹ. Mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Ọmọ yín ni. Ṣùgbọ́n ojú kì í ṣe ẹsẹ̀ tí a lè fi ewé dán wò.” N kò kẹ́gàn ewé, àgbo ìyá yìí ni mo mu dàgbà. Ṣùgbọ́n awọ tó bo ibi dúdú ojú mọ́ kedere bíi gíláàsì. Ohun tó bá ta á, tàbí tó bá kó ìdọ̀tí wọ inú rẹ̀, lè fi àpá funfun tí kì í lọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe kan ń gbé irú àpá bẹ́ẹ̀ kiri títí di òní, ìyá rẹ̀ sì sọ ohun tí wọ́n kán sí i fún mi. Oògùn ojú tí wọ́n ń tà lórí àtẹ kò sàn jù: cortisone wà nínú àwọn mìíràn, ó sì lè ba ojú jẹ́ bí kò bá jẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́.

Omi tí a sè tí a sì jẹ́ kí ó tutù ni mo ní kí àbúrò mi lò, pẹ̀lú òwú mímọ́. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó rẹ ìpin náà títí yóò fi rọ̀, kí ó nù ún láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ẹ̀yìn ojú, òwú kan fún ojú kan, kí ó jù ú nù, kí ó sì tún ọwọ́ fọ̀. Aṣọ tútù tó mọ́ lórí ìpéǹpéjú a máa dín yíyún kù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba aṣọ ìnujú tirẹ̀, a ń fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, a ń sá wọn sóòrùn. Èyí tí fáírọ́ọ̀sì bá fà sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ti ọmọ tuntun yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan, tí ojú rẹ̀ wú tó ń yọ ọyún, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ó jẹ́ òru. Ó lè ti kó àrùn lára ìyá nígbà ìbí, irú rẹ̀ kan sì lè fọ́ ojú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bákan náà ni ọmọ tí ojú ń ro gan-an, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, tí kò ríran dáadáa, tí nǹkan funfun yọ lójú rẹ̀, tàbí tí ìgbóná àti ojú wíwú bá a pọ̀, pàápàá bí ó bá ń ṣe àìsàn èéyi.

Ní ti igbá ìfọwọ́, ọkọ àbúrò mi ló tú u. Búútà tí ó fi ń ṣe àlùwàlá ló gbé wá sídìí oúnjẹ, ó ń da omi sí wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà ṣáájú bí ó ti yẹ. Ìyá Àgbà ló gba búútà náà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Òun ló ń da omi sí àwọn ọmọ lọ́wọ́, òun náà ló sì ń ráhùn pé ọṣẹ agboolé yìí ń tètè tán.