ÒKÚTA TÍ Ẹ RÒ PÉ Ó ṢÓFO: OHUN TÍ MO RÍ LÓRÍ ÒKÈ ÌDÀNRÈ

Àwa ará Ọ̀tọ̀-Àwórì, iyanrìn la mọ̀. Ẹ gbẹ́lẹ̀ láti Ìbà títí dé etí ọ̀sà, iyanrìn náà lẹ máa bá. Àpáta ńlá tó yọrí síta, a ò ní in. Tí a bá fẹ́ kọ́lé, tipa ló ń gbé òkúta wá fún wa láti òkè, wọ́n á ti fọ́ ọ wẹ́wẹ́, àwa á wá máa pè é ní gíráníìtì.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi gbà pé kò sí nǹkan kan lórí àpáta. Èmi náà ní kí n fojú ara mi rí i.

Mo wọ dánfó láti Okokomaiko dé Mile 2, ibẹ̀ ni mo ti wọ mọ́tò Àkúrẹ́. A kọjá Ṣàgámù, a kọjá Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó. Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè ò jìnnà mọ́. Bí mọ́tò ṣe ń sún mọ́ ìlú náà ni òkè ń yọ lọ́tùn-ún lósì, bí ìgbà tí agbo erin dùbúlẹ̀ sáàárín igbó.

Ìyá kan tó ń ta omi àti ọsàn nísàlẹ̀ òkè bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lo ń wá lọ sókè?"

Mo ní, "Koríko ni, mà."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Koríko? Ṣé kò sí koríko l'Ékòó ni?"

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀! Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé láyé àtijọ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sísàlẹ̀ ní nǹkan bí 1923. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè.

KORÍKO TÓ Ń KÚ, TÓ TÚN Ń JÍ

Ẹ jẹ́ kí n dá ìyá ọlọ́sàn lóhùn níbí. Koríko ibẹ̀ kì í ṣe irú tiwa.

Àwọ̀ dúdú tí ẹ ń rí lára àpáta, bí ìdí ìkòkò tí èéfín ti bò, kì í ṣe ìdọ̀tí o. Ohun ẹlẹ́mìí ni, ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Koríko kan sì tẹ́ sórí àpáta bí ẹní, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Afrotrilepis pilosa. Ara òkúta gan-an ló rọ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, òkúta yẹn lè gbóná kọjá 50 dígírì. Koríko yìí á gbẹ gan-an, ẹ máa ní ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀! Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ewé tó gbẹ yẹn náà á tún tutù yọ̀yọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í tètè dàgbà. Àwọn onímọ̀ sọ pé òmíràn lè ti lo ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún níbi tó wà.

Igi kan tún wà lórí irú àpáta bẹ́ẹ̀, Hildegardia barteri, tó máa ń gbọn gbogbo ewé rẹ̀ dànù lọ́gbẹlẹ̀, tí á wá fi òdòdó pupa ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Níbi tí omi ti ń ṣàn lára àpáta lásìkò òjò, àwọn ewéko kéékèèké kan wà tó ń mú kòkòrò jẹ, torí kò sí ọ̀rá nínú ilẹ̀ ibẹ̀.

Òyìnbó kan, P. W. Richards, ti kọ̀wé lórí ewéko Òkè Ìdànrè ní 1957. Ọ̀pọ̀lọ́ kan sì wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì rí níbòmíràn láyé.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Lẹ́bàá ìlú Kindia ní orílẹ̀-èdè Guinea, iyanrìn ayébáyé tó dì pọ̀ ló di àpáta. Ní 2016, àwọn onímọ̀ rí ewéko kan tó rọ̀ mọ́ ara àpáta Òkè Gangan. Ìdílé kọfí ló ti wá, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé wọn rárá. Ní 2018 ni wọ́n kéde orúkọ rẹ̀, Kindia gangan. Ẹ wò ó, tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fọ́ àpáta yẹn ní 2015 ńkọ́?

ILÉ WA, ÀPÁTA WỌN

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá rèé. Ìdànrè ní orúkọ. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà sí ohun ìní gbogbo ayé. Àwọn àpáta tí kò lórúkọ lọ́nà Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ńkọ́? Irú wọn ni wọ́n ń fi dáínámáìtì fọ́, tí tipa ń kó wá bá wa. Ó wà nínú dẹ́kìn ilé wa.

Èmi ò ní ká má kọ́lé o. Bíríkìlà gbọ́dọ̀ jẹun, ẹni tó ń fọ́ òkúta náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìjọba tó fún ẹnikẹ́ni níwèé láti fọ́ àpáta, kí wọ́n kọ́kọ́ rán ẹni tó mọ ewéko gun orí rẹ̀. Èyí tí nǹkan ọ̀wọ́n bá wà lórí rẹ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n lọ fọ́ òmíràn. Ẹ̀yin tó ń lọ ṣe fàájì lórí òkè náà, ẹ má fa koríko ibẹ̀ tu, ẹ má sì dáná sun ún.

Koríko yẹn lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀, kò lè fara da dáínámáìtì. Iyanrìn tí omi bá gbé lọ, omi lè gbé òmíràn wá. Àpáta tí a bá fọ́, ó fọ́ náà nìyẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tí àpáta bá wà nílùú bàbá yín, tí irú ewéko báyìí sì wà lórí rẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, kí ẹ kọ̀wé sí wa. A máa tẹ̀ ẹ́ jáde.