Ojú Ọmọ Mi àti Ẹ̀ṣẹ́ Bassey

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbà mí. Ọjọ́ Sátidé ni ọmọ mi ọkùnrin ti Rowe Park ní Yábàá dé, ojú rẹ̀ kan wú bí àkàrà. Ó ní akànṣẹ́ ni òun yóò dà. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Èmi tíṣà ti mú pàṣán.

Ìgbà náà ni mo rántí Hogan Bassey, ọmọ Kàlàbá tí ó fi Èkó kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ní 1957, ní Páríìsì, ó lu Cherif Hamia títí rẹfirí fi dá ìjà dúró ní abala kẹwàá. Òun ni ọmọ Nàìjíríà kìn-ín-ní tí ó jẹ oyè akànṣẹ́ àgbáyé. Davey Moore gba oyè náà ní 1959, ó sì tún lù ú lọ́dún kan náà. Bassey bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, (ọ̀pọ̀ ni kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n bọ́ ọ!) ó wálé wá di olùkọ́ àwọn akànṣẹ́ wa. Abẹ́ rẹ̀ ni Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó, wà tí ó fi gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Tokyo, ilẹ̀ Jàpáànì, ní 1964, àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà ní Òlíńpíìkì.

Ṣùgbọ́n Maiyegun yìí kan náà, ojú rẹ̀ ti fọ́ kí ó tó kú ní 2024. N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ́ ni ó fọ́ ọ o.

Mo fi pàṣán sílẹ̀, mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá rẹ ọmọ yìí, ta ni yóò dá ìjà dúró?”

Ó ní, “Èmi ni, sà, kí ó tó ṣubú.”

Mo gbà. Ìyá rẹ̀ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.