Etí Lójú Páálí: Àkọsílẹ̀ láti Malali

Ní ọjà Malali, páálí sípíkà kan wà tí wọ́n kọ "5000W PMPO" gàdàgbà sí lára. Mo yí ṣájà rẹ̀ wò: "12V, 2A" ni. 12 lọ́nà 2, wáàtì 24 péré. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé níbo ni ìyókù wà. Kò fèsì; ó kàn yí fólíọ́ọ̀mù sókè.

*

Wáàtì gidi pàápàá ń tan èèyàn. Bó bá di ìlọ́po méjì, désíbẹ̀lì 3 péré ni ìwọ̀n ohùn fi lé. Kí ohùn tó dún bí ìlọ́po méjì létí, wáàtì á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá.

*

Họ́ọ̀nù mọ́sálásí kò ní báàsì rárá. Ta ló máa fi gbọ́ jùjú? Ṣùgbọ́n ìpè àsùbáà ń gba òpópónà mẹ́ta kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì já gaara. Ibi tí họ́ọ̀nù ti lágbára, láàárín Hertz 2,000 sí 4,000, ibẹ̀ náà ni etí ti mú jù. Fletcher àti Munson ti wọ̀n ọ́n ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, ní 1933. Àwọn náà ló fi hàn pé báàsì ló kọ́kọ́ ń sá bí a bá rẹ ohùn sílẹ̀.

*

Ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin kì í sábà ju Hertz 100 sí 150 lọ. Tẹlifóònù onílé àtijọ́ kì í gbé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 300. Síbẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n wa bá pè láti Ìbàdàn, a kì í ṣi ohùn ìsàlẹ̀ gbọ́ fún tòkè. Inú àwọn ìgbì tó wà lókè ni ọpọlọ ti ń wá ìpìlẹ̀ náà rí. Ẹ̀rọ á ní kò sí níbẹ̀, etí á ní òun gbọ́ ọ. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ò purọ́.

*

Ní Kánádà, láwọn ọdún 1980, onímọ̀ ohùn Floyd Toole fi aṣọ bo sípíkà lójú àwọn olùgbọ́. Èyí tí ìwọ̀n ohùn rẹ̀ tẹ́jú láti báàsì dé òkè, tí ohùn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde náà sì gún, ló ń gbayì jù. Ní 1994, òun àti Sean Olive ṣí aṣọ náà: ìtóbi àti orúkọ ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdájọ́ padà. Àwọn tó ń fi iná aláràbarà yí sípíkà ká mọ̀ bẹ́ẹ̀.

*

Ẹ̀yin tó fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n mú ohùn sípíkà méjì dọ́gba kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Désíbẹ̀lì kan sí méjì tó láti mú kí aláriwo dà bí èyí tó dùn. Kí ẹ sì kọ̀yìn sí àwọn sípíkà náà.