Ti Ìdòwú Ńkọ́?

Kóńgò kan wà lórí pẹpẹ nínú ilé ìdáná mi. Ti màámi ni. Irin ni, etí rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan láàárín ọdún 2024, mo gbé e dání lọ sí ọjà Towobowo níbí ní Ìgbò-Ọrà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí gàrí tí mò ń rà. Kóńgò mẹ́ta tó máa ń gbé wa dé ọjọ́ Ẹtì ti ń tán lọ́jọ́rú, ẹnu tó ń jẹ ẹ́ kò sì pọ̀ sí i. Mo ní kí onígàrí mi jọ̀ọ́ bá mi fi ti èmi wọ̀n ọ́n. Ó gbà á, ó yí i padà, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀ kó, kó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, kóńgò ayé àtijọ́ rèé! Bí mo bá fi èyí tà, gbèsè ni màá gbé relé." N kò bá a jà. Tirẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n fún mi. Nígbà tí mo délé, mo da ẹyọ kóńgò kan nínú gàrí náà sínú ti màámi, kò kún. Ó ku bí ìka méjì kó kan etí. Òòlù ni wọ́n fi lu ìdí kóńgò ọjà wọnú.

Èmi ni mo ń ra oúnjẹ ilé wa, ènìyàn mẹ́fà, nínú owó oṣù tíṣà àti ohun tí ọkọ mi bá rí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń kọ ohun tí a ó rà sẹ́yìn ìwé àtijọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Gàrí. Láfún. Ìrẹsì. Ẹ̀wà. Epo pupa. Òróró. Ata rodo, tàtàṣé, tòmátì, àlùbọ́sà. Ẹ̀gúsí. Irú. Ẹja yìnyín. Pọ̀nmọ́. Iyọ̀, magí. Ewédú tàbí ilá. Gáàsì, tàbí èédú bí gáàsì bá ti fò sókè. Bí mo bá ti kọ iye síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan tán, mo tún máa ń gbé bírò padà, kí n fa ilà kọjá lórí àwọn kan. Pọ̀nmọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. (Àwọn tó ní kò ṣe ara lóore, kí wọ́n wá wo ojú ọkọ mi bí mo bá gbé àmàlà kalẹ̀ láìsí i.) Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ owó oṣù tó kéré jù di 80,000 náírà ní 2025, a jó. Lẹ́yìn ijó, mo pín in sọ́nà mẹ́rin. Ẹni tó ń gba iye yẹn ní 20,000 lọ́sẹ̀, tí kò bá wọ mọ́tò, tí ọmọ rẹ̀ kò sì ṣàìsàn.

Màámi kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Kò mọ̀wé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ìyẹn. Ohun tó ń fi owó rà kò tó ohun tí ènìyàn ń kọ sílẹ̀: iyọ̀, kánún, ẹja gbígbẹ, ọṣẹ, karosíìnì fún àtùpà. Ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyókù, oko ló ti ń wá. Bàbá mi gbin ẹ̀gẹ́, ó gbin àgbàdo, ó gbin bàrà, ẹ̀gúsí tí àwọn àgbà máa ń so mọ́ orúkọ Ìbàràpá fúnra rẹ̀. Ilá wà létí oko. Bí ilá kò bá tíì so, ewé rẹ̀ wà, ìyẹn ìlasa, tí ojú á ti ènìyàn láti fi owó rà nígbà náà. Ata ń hù lẹ́yìn balùwẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín.

Láfún ni mo rántí jù. Bí wọ́n bá ti bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí tí yóò fi rọ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò gba gbogbo agbo ilé. Àlejò á yínmú, imú tiwa kò gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n á fún omi rẹ̀ kúrò, wọ́n á lọ sá a sórí àpáta, àwa ọmọdé á sì di ọlọ́dẹ: igi lọ́wọ́, à ń lé ewúrẹ́, à ń lé adìẹ, à ń wo ojú ọ̀run. Bí òjò bá ṣú pẹ́nrẹ́n, igbe á ta. Gbogbo ilé á tú jáde, a ó kó tiwa, a ó kó ti ará ilé kejì, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ta ló ni èwo títí òjò yóò fi dá. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú. Kóńgò mélòó? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Igbá ni wọ́n fi ń bù ú.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rò pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń sọ pé náírà kan ra báyìí báyìí láyé ọjọ́un ń sọ. Owó náà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń rán an kò pọ̀. Tèmi ni mo rán ní iṣẹ́ ogún kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣú.

Ìbejì ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni Ìdòwú wọn. Ní Ìgbò-Ọrà, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ìwádìí tí oníṣègùn Patrick Nylander ṣe láàárín 1972 àti 1982 ka bí ìbejì 45 sí 50 nínú 1,000 ìbí ní apá ibi tiwa yìí. Ẹ bi ìyá àgbà èyíkéyìí nílùú, yóò ní ìlasa ló fà á, ìlasa àti àmàlà láfún. N kì í bá wọn jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé tí wọ́n ti ń bí méjì méjì, oúnjẹ wọn kì í ṣe ti ọmọ kan.

Ọjọ́ tí màámi bá fẹ́ ra ẹ̀wà tí yóò sè fún ìbejì, kí àwọn ọmọ àdúgbò wá jẹ ẹ́, mi ò ní jẹ́ kó dá lọ. Ẹlẹ́wà á bu kóńgò kún, á fi ọwọ́ méjèèjì kó o jọ sórí rẹ̀ títí yóò fi ga bí òkìtì ọ̀gán. Èyí tó bá yí dànù, ti ọmọ tó bá ṣà á ni. Lẹ́yìn náà ni èènì. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan: "Ti Táyé nìyí." Á bu òmíràn: "Ti Kẹ́hìndé nìyí." Èmi tí mo di ìró màámi mú á wá ké láti ìsàlẹ̀: "Ti Ìdòwú ńkọ́?" Gbogbo ìsọ̀ á rẹ́rìn-ín, màámi á ṣe bí ẹni tí ojú ń tì, ẹlẹ́wà á sì bu ẹ̀kúnwọ́ kẹta. Mo ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ṣe.

Kí n má purọ́, ebi pa wá nígbà mìíràn. Bí iṣu èṣí bá ti tán tí tuntun kò sì tíì ta, láfún láàárọ̀, láfún lálẹ́. Ìrẹsì di ọjọ́ ọdún. Bàbá ló ni ẹran inú ọbẹ̀, àwa la ni omi rẹ̀. Ní 1984, láyé Buhari àti Idiagbon, mo tẹ̀ lé màámi lọ tò fún ẹ̀sẹ́ńkò, bí a ṣe ń pe mílíìkì àti ṣúgà tí ìjọba ń tà nígbà náà, ṣúgà sì tán kó tó kàn wá. Bàbá mi máa ń ráhùn pé ọjọ́ tí wọ́n fi náírà pààrọ̀ pọ́n-ùn, ní oṣù kìn-ín-ní 1973, ni ayé ti bàjẹ́. Ọdún 1973 ni tirẹ̀.

Tèmi ni 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ọjọ́ ìbúra rẹ̀, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà kan tí kò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ sí dọ́là. Ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa lè rò pé ọ̀rọ̀ onímọ́tò nìyẹn. Ṣùgbọ́n epo ni ọ̀kadà fi ń gbé ẹ̀gẹ́ jáde lóko, epo ni ẹ̀rọ tó ń rin ín ń mu, epo ló ń gbé gàrí dé ọjà. Gàrí tí wọ́n yan ní Ìdèrè, tí kò jìnnà sí ilé mi rárá, gbówó lórí bí ẹni pé ọkọ̀ òkun ló gbé e wá. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà 2024, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ní oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ọdún yẹn náà ni mo gbé kóńgò lọ sọ́jà.

Oko bàbá mi ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi Táyé nìkan ló ń dá a. Èmi wọ kíláàsì, Kẹ́hìndé relé ọkọ ní Èrúwà, àwọn ọmọ wa sì ń wo fóònù. Ìbẹ̀rù tún wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn ya wọ ìlú Ìgangan lóru ní oṣù kẹfà 2021, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sun ilé, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìbàràpá ni kò jẹ́ dá oko ẹgàn lọ mọ́. Etílé ni wọ́n sún mọ́, ilẹ̀ etílé sì ti gbó. Irè tó bá rí jáde, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dúró dè é: Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Èkó. Àwa tó kù sẹ́yìn ń du ìyókù.

Mo bi Àǹtí Kẹ́hìndé nípa èènì, torí ata ló ń tà. Kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní ata rodo méjì tí òun bá jù sí i fún oníbàárà, èrè òun lórí àtẹ yẹn nìyẹn. "Àwọn tó ń fún màámi léèènì, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni wọ́n ti ń ká ata wọn," ló wí. "Ṣé èmi náà ní balùwẹ̀ tó ń so ata ni?" Láti ọjọ́ yẹn, n kò fi bẹ́ẹ̀ bínú sí onígàrí mi mọ́. Ìdí kóńgò tó wọnú yẹn, ó lè jẹ́ owó ọkọ̀ rẹ̀ ló fi pamọ́ síbẹ̀. Ìbá wù mí kó sọ ọ́ sí mi lójú, kó fi kún iye owó, kó fi kóńgò sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní 2025, gàrí wálẹ̀. Mo sáré tẹ Bùọ̀dá Táyé láago. "Bùọ̀dá, gàrí ti wálẹ̀ o!" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìdòwú," ó ní, "orí ta ló wálẹ̀ lé?" Ajílẹ̀ kò wálẹ̀, oògùn koríko kò wálẹ̀, owó àwọn tó ń bá a roko kò wálẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ hú kò ní pa owó tó fi gbìn ín. N kò rí èsì fún un. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kadà kan já àpò láfún kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní ẹ̀gbọ́n mi ní kí òun má gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo fa ilà kọjá lórí láfún nínú ìwé mi, n kò sì mọ̀ bóyá kí n yọ̀.

Nísinsìnyí, àwa tíṣà mẹ́rin ní iléèwé wa máa ń dá owó jọ ra àpò ìrẹsì 50 kílò. Bí a bá fẹ́ pín in, wọ́n á ní kí n gbé kóńgò màámi wá, òun nìkan ni gbogbo wa gbà gbọ́. Àpò tí ọlọ́jà ń rí kóńgò ogójì nínú rẹ̀, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ti màámi rí. A pín in ní mẹ́jọ mẹ́jọ, ó ku ẹyọ kan. A wo ara wa. Èyí tó kéré jù láàárín wa ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi ìsinmi ìbímọ dé ni, ìbejì ló bí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Tíṣà àgbà gbé kóńgò kẹtàlélọ́gbọ̀n, ó dà á sínú àpò ìyá ìbejì náà.

Ẹnu mi ti là, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n, kí n tó rántí pé mo ti kọjá àádọ́ta ọdún. Mo gba kóńgò, mo dojú rẹ̀ dé, mo gbọn ìdí rẹ̀. Hóró ìrẹsì mélòó kan jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo jù wọ́n sẹ́nu.